Orí Karùn-ún: Oríkèé Èdè

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Ìbàdàn tí àgbà ń lò, tí ọmọdé ń lò, tí ẹni tí kò jókòó níwájú pátákó rí náà ń lò: gírámà. Bí ọkùnrin kan bá dìde níbi ìnáwó ní Ọjà'ba, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í da òyìnbó sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sórí ẹní, àwọn èrò a pariwo pé, "Ẹ gbọ́ gírámà lẹ́nu rẹ̀!" Bí ọmọ bá ka ìwé mẹ́fà tán tí ó tẹ̀ síwájú, wọn a ní ó ti wọ gírámà.

Ìtumọ̀ méjèèjì ní ìtàn. Ní 1859 ni ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1913, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, dá Ibadan Grammar School sílẹ̀, òun náà sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wá: láyé àtijọ́, gírámà èdè Látìn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ nírú ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́hùn-ún. Orúkọ ẹ̀kọ́ di orúkọ ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé náà sì ń sọ òyìnbó tí ará ilé wọn kò gbọ́, orúkọ ilé di orúkọ òyìnbó tó le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nìyẹn. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀rọ̀ gígùn ni gírámà yóò máa wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri. Yóò há wọn sórí láti inú ìwé atúmọ̀ èdè, yóò kó wọn sínú àròkọ, yóò sì tún gba ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú yíǹkì pupa lára gbólóhùn tó kéré jù lọ. Nínú orí yìí, oríkèé ni mo fẹ́ kí á máa pe gírámà. Egungun itan tóbi, egungun ojúgun gùn, ṣùgbọ́n bí oríkèé orúnkún kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ni wọ́n kò ní lè rìn dé Bẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ni egungun èdè. Gírámà ni ohun kékeré tí ó so ọ̀kan mọ́ èkejì kí wọ́n lè rìn pọ̀.

Ohun tí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì kọ́ wa

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ orúkọ Adégòkè Adélabú. Wọ́n bí i ní 1915, ó lọ sí Government College Ìbàdàn, ó kọ ìwé *Africa in Ebullition* ní 1952, ó di alága Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn ní 1954, ìjàm̀bá ọkọ̀ sì pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958. Àwọn tálákà àárín ìgboro fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn òyìnbó ẹnu rẹ̀. Nígbà kan tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alátakò rẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ wọn ní "peculiar mess". Àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe dún létí wọn: pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Ó di orúkọ tí wọ́n ń fi rántí rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣèlú tó dojú rú.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ìmọ̀ èdè wo ohun tí etí àwọn èrò yẹn ṣe. Nínú Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ́lì ni a fi ń kádìí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹnu tàbí ti imú. "Mess" fi s parí, ẹnu Yorùbá sì fún un ní ì láti jókòó lé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ "bread" di búrẹ́dì, tí "class" di kíláàsì. Òfin èdè wọn ni àwọn èrò náà tẹ̀ lé, wọ́n sì tẹ̀ lé e dáadáa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì fi oríkèé tirẹ̀ sí. Ìparí ọ̀rọ̀ ni. "Call" ń sọ ti òní, "called" ń sọ ti àná. D kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀. "Basket" jẹ́ ọ̀kan, "baskets" jẹ́ púpọ̀. S kan ni. Kọ́ńsónáǹtì wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn ní ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, níbi tí etí Yorùbá kò ti retí ohunkóhun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó mọ òfin náà rárá, etí rẹ̀ ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe olódo. Ohun tí a kò gbọ́ ni a kì í lè sọ.

Gbólóhùn mẹ́ta láti ọwọ́ Àmọ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí á ro akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí á pè é ní Àmọ̀kẹ́. Ilé wọn wà ní Bẹ́yẹrúnkà, ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Ọjà'ba, òun náà sì ń múra ìdánwò WAEC. Ó ti kúrò ní ìpele a-bí-dí. Ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí tísà ń sọ, ó sì lè kọ lẹ́tà. Àárín ọ̀nà ló wà. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Yesterday my mother call me. They told me to bring three basket of pepper to Bere. The woman that she wanted to buy it have gone."

Tísà tí ó bá ń kánjú yóò fa igi sí i lára, yóò kọ "poor", yóò sì kọjá. Àwa kò ní kánjú. Ẹ wo Yorùbá tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Lánàá, ìyá mi pè mí. Wọ́n ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́ta wá sí Bẹẹrẹ. Obìnrin tí ó fẹ́ rà á ti lọ."

"Pè" kò yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í gbé àmì àkókò wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ìṣe tí ó ń ṣẹlẹ̀ tí ó sì ń parí, bíi pè, rà tàbí lọ, tí a sọ ọ́ lásán láìfi "ń" tàbí "yóò" síwájú rẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni a gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ipò tí ènìyàn wà, bíi mọ̀, fẹ́ tàbí fẹ́ràn, ti ìsinsìnyí ni a gbọ́. "Ìyá mi pè mí" jẹ́ ti àná, "ìyá mi fẹ́ràn mi" jẹ́ ti òní, kò sì sí àmì kankan lára èyíkéyìí nínú wọn. Ètò tó péye ni. Ètò yìí kan náà ni Àmọ̀kẹ́ gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

"They" jẹ́ ọ̀wọ̀. Kò sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa tí yóò pe ìyá rẹ̀ ní "ó". Nítorí náà, ìyá kan ṣoṣo di ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá sì yẹra fún "they", ewu mìíràn ń bẹ níwájú: "ó" tiwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí ewúrẹ́, tàbí agboorùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ṣì fi ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní "he" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń yára lẹ́nu rẹ̀.

"Three basket" bá ọgbọ́n Yorùbá mu. A ti sọ pé mẹ́ta. Kí ni a tún ń fi àmì púpọ̀ ṣe? "The woman that she" wá láti inú "obìnrin tí ó", níbi tí a kò ti lè yọ "ó" kúrò. "Have gone" wá nítorí pé "ti" kì í wo ojú ẹni tó ṣe nǹkan: mo ti lọ, o ti lọ, ó ti lọ, ọ̀kan náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé Àmọ̀kẹ́ ni ohun tí kò ṣì. Ó kọ "told", kò kọ "tell". Ó kọ "wanted", ó fi ed sí i. Ẹni tí kò mọ̀ pé àná ni òun ń sọ kò lè kọ wọ́n. Kí ló wá dé tí "call" ṣubú? Nítorí pé "told" yí gbogbo ara padà, etí ń gbọ́ ọ. "Wanted" ní fáwẹ́lì nínú ìdí rẹ̀, ó dá dúró bí sílébù odidi, etí ń gbọ́ ọ. D lásán ni "called" ní. Ọgbọ́n orí Àmọ̀kẹ́ pé. Ibi tí etí rẹ̀ ti dákẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dákẹ́. Tísà tí ó bá rí èyí mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Àárín ọ̀nà ní òfin tirẹ̀

Fún ọdún pípẹ́, àwọn olùkọ́ ka àṣìṣe sí èpò tí a ní láti tu. Ní 1967, S. Pit Corder kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó yí ojú yẹn padà: ó ní àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ó ń kọ́ nǹkan, àti pé ètò wà nínú rẹ̀. Ní 1972, Larry Selinker fún ètò náà ní orúkọ, èyí tí a lè pè ní èdè àárín: kì í ṣe èdè abínibí mọ́, kò sì tíì di èdè tuntun, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé èdè àárín lè gan síbì kan, bí símẹ́ńtì ṣe ń gan, kí ènìyàn máa fi sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbọ́n. Gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ, kò sì sí ohun tí ó ń fipá mú un lọ síwájú mọ́.

Àwọn ọmọ Òyìnbó fúnra wọn ń gba ọ̀nà yìí kọjá. Roger Brown tẹ̀ lé ọmọdé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà láti kékeré, ó sì gbé ìwé jáde lórí wọn ní 1973. Ing, bíi ti "going", wà lára oríkèé tí wọ́n kọ́kọ́ mú. S tí ó wà ní ìdí "she goes" wà lára èyí tó pẹ́. Ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì a kọ́kọ́ sọ "went" bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí ó bá wá mọ òfin ed, a máa sọ "goed", ohun tí kò sí àgbà kan tí ó sọ fún un rí. Ó ti ń kọ́lé lórí òfin. Àṣìṣe náà ni ẹ̀rí. Ní 1974, Dulay àti Burt wo àwọn ọmọ Ṣáínà àti àwọn ọmọ tí ń sọ Spanish tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, s yẹn sì pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn náà.

Kí ló dé tí ó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé kò gbé ìròyìn kankan wá. "She" ti sọ ẹni tó ṣe é kí s tó dé. Orí ènìyàn a sì máa fi ohun tí kò ní iṣẹ́ lójú rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Kí Àmọ̀kẹ́ mọ̀ pé ohun tó ń dà á láàmú ti da ọmọ onílé náà láàmú, ìtura ni.

Láti Kúdẹtì dé Modákẹ́kẹ́

Àwọn míṣọ́nnárì CMS, David àti Anna Hinderer, dé Ìbàdàn láti gbé ní 1853, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Kúdẹtì. Ọmọ méjì láti ilé Olúnlọ́yọ̀ọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà náà, Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Ẹ fi ọdún méjèèjì sọ́kàn: wọ́n ti kọ gírámà Yorùbá sílẹ̀ kí pátákó ìkọ̀wé tó dé Kúdẹtì. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, a gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní gírámà, pé Yorùbá jẹ́ ohun tí ènìyàn kàn ń sọ. Wọ́n ń na ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó sọ Yorùbá, wọ́n sì ń retí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò tipa bẹ́ẹ̀ dára.

Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán èrò yìí wò ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, láti ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí àṣà. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn kò sì rẹ̀yìn. Yorùbá kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Orí tí ó ti ronú jinlẹ̀ ní èdè kan ní ohun tí yóò gbé wọ èkejì.

Ọmọ́ lọ

Ẹ gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹ pe "ọmọ". Ohùn méjèèjì wà ní àárín, re, re. Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, láìkánjú, pé ọmọ lọ sí Mápó. Ẹ tẹ́tí sí ìdí "ọmọ". Ó ti gòkè: ọmọ́ lọ sí Mápó. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́. Ẹ wá sọ pé: ọmọ kò lọ sí Mápó. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọmọ yóò lọ sí Mápó: kò gòkè níbẹ̀ náà.

Ohùn òkè kékeré yìí ń jókòó sáàárín ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tó ṣe. Bí "kò" tàbí "yóò" bá dé, ó kúrò. Àwọn onímọ̀ èdè wa, láti orí Ayọ̀ Bámgbóṣé tí ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966, ti jiyàn gidi lórí iṣẹ́ tó ń ṣe àti orúkọ tó yẹ kí á pè é.

Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì. "The child goes to Mapo": s wà níbẹ̀. "The child will go to Mapo": "will" dé, s kúrò. "The child does not go": s fò kúrò lára "go", ó bọ́ sára "do". N kò sọ pé ohun kan náà ni méjèèjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé oríkèé kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀, tí ó ń dé tí ó sì ń kúrò nípa òfin, kò ṣàjèjì sí Àmọ̀kẹ́. Ó ti ń lo ọ̀kan láìṣìṣe láti ìgbà tí ó ti ń rá kálẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, láìsí pàṣán, láìsí ìdánwò. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, òun náà sì sọ ọ́.

Ohun tí ẹni tó wà láàárín lè ṣe

Máàkì tó dára nínú Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì ń bèèrè, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kánjú. Wọn a ka gbogbo orí ìwé gírámà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo alájọ tó ń yí ká Ọjà'ba. Kì í gba owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ iye tó pé lópin oṣù. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dánra wò, tí ó sì fi hàn pé ohun tí a kọ́ ń yára fò lọ, àti pé ohun tí a padà sí ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń dúró ju èyí tí a rọ́ sórí ní ìjókòó kan lọ. Ẹ máa dá àjọ gírámà.

Ẹ mú oríkèé kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá jẹ́ ed, ed nìkan ni kí ẹ wò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan fún àṣìṣe yín. Ẹ má kọ òfin sínú rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ Yorùbá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá kọ èyí tó tọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ tún un kọ láti orí; ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Fún etí, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí fáwẹ́lì tẹ̀ lé. "Called" nìkan ṣòro fún ẹnu wa, ṣùgbọ́n nínú "called us", d ti rí fáwẹ́lì iwájú gùn. Ẹ jẹ́ kí ó gùn ún. "Baskets of pepper": s ti rí ibi jókòó. Ẹ máa kà á sókè, kí etí lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bí etí bá ti gbà á, ọwọ́ yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì sọ pé kò sí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ nílé nítorí pé ìyá yín kò gbọ́ òyìnbó. Ìyá Àmọ̀kẹ́ kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n etí tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láàárín ariwo ọjà kì í ṣe etí lásán. Mo lè rí i pé ọjọ́ ń rọ̀, ata ti kù díẹ̀ lórí àtẹ, Àmọ̀kẹ́ sì ṣí ìwé rẹ̀ sórí itan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ méjì yìí. Call. Called. Ṣé bákan náà ni wọ́n dún?"

"Tún un sọ, Àmọ̀kẹ́."

"Call. Called."

"Rárá o. Nǹkan kan wà nídìí èkejì."

Nǹkan kan tí ó wà nídìí rẹ̀ yẹn ni gírámà.